Lẹ́tà Tó Kọ́kọ́ Jáde Ló Dé Kẹ́yìn

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá àwọn ẹlòmíràn kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, bó bá dàgbà tán, tirẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó ló fa èyí tí ẹ ń kà yìí. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó, fóònù lọ́wọ́, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ gbé. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ará ọ́fíìsì òun, àṣìṣe wà nínú rẹ̀, òun tún un ṣe, òun sì fi èyí tí òun tún ṣe ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tun. Ni àwọn kan bá ń fèsì sí ti àkọ́kọ́, àwọn kan ń fèsì sí ìkejì, kò sí ẹni tó mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé mọ́.

Mo bi í pé, "Ṣé o so ìkejì mọ́ àkọ́kọ́?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn o. Ìkánjú ni ò jẹ́ kí n ṣe é."

Ìkánjú. N kò mọ ìmeèlì, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́, ojú mi ò gbà á. Lẹ́tà ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìkánjú ṣe fún obìnrin aláró kan nílùú yìí, mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti àwọn àbúrò òun tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ó dáa. Ẹ jókòó.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ń ta aṣọ, bàbá rẹ̀ náà ta aṣọ, gbogbo agboolé wa ní Abẹ́òkúta ló ń ta aṣọ, wọ́n ń kírun, wọ́n sì ń ná ọjà. Èmi ò mọ ọjà ná. Bí oníbàárà bá ní kí n dín in kù, màá dín in kù. Bàbá mi ní, "Mùfútàù, ìwọ yóò ta ilé yìí mọ́ aṣọ." Àsìkò náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí èrò ń wọ́ wá sí ìlú, tí olúkúlùkù ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ̀wé wáṣẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Bàbá mi rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Ṣódípọ̀, akọ̀wé lẹ́tà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá gáréèjì ní Kútọ̀. Ní ti owó, ẹ má bi mí. Ó tó jẹ, kò tó tọ́jú.

Ọ̀gá Ṣódípọ̀ ga, ó rù, ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Kò fọwọ́ kàn wá rí. Ohùn rẹ̀ ni pàṣán rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan táípùràítà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń nu eruku gáréèjì kúrò lórí tábìlì, mo sì ń gbọ́. Iṣẹ́ tó fún mi nìyẹn, kí n máa gbọ́. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ tán tó lọ, Ọ̀gá á yíjú sí mi: "Kí ló sọ?" Bí mo bá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tèmi, á ní, "Mi ò bi ọ́ nípa ohun tí o rò. Kí ló sọ?" Mo ti sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà nítorí ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé iṣẹ́ akọ̀wé rọrùn, ẹ lọ gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ láìfi iyọ̀ tiyín sí i.

Nígbà tó wá jẹ́ kí n máa tẹ lẹ́tà, òfin ò dín kù. O gbọ́dọ̀ ka ohun tí o tẹ̀ padà sí etí oníbàárà. O gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ sí i. Lẹ́tà ìbínú gbọ́dọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́jú kó tó jáde, nítorí Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ okùn.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, ìṣó wà níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, okùn òwú sì rọ̀ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí a bá tẹ lẹ́tà fún ọ, a máa fi kábọ́ọ̀nù mú ẹ̀dà, a ó fi abẹ́rẹ́ ńlá gún un, a ó sì fi í kọ́ okùn rẹ. Bí èsì bá dé, wàá mú un wá kí a kà á fún ọ, a ó fi ìyẹn náà kọ́ ọ, lé ti ìṣáájú lórí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ṣe máa tò tẹ̀ léra. Bí o bá wọlé lẹ́yìn ọdún kan tí o ní "Ṣẹ́ẹ rí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn," Ọ̀gá á na ọwọ́ sí okùn rẹ, kò ní béèrè pé ilẹ̀ wo. Bébà nìkan ló ń jẹ́ kó kan okùn o. Obìnrin kan mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan pé kí a fi kọ́ ọ, ó ní rárá. Ó ní ohun tí ẹnu sọ ni okùn wà fún, fọ́tò ní ògiri tirẹ̀ nílé.

Ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ni Jímọ̀. Àgbẹ̀ kan láti Pápálántò wá lọ́jọ́ kan, ó ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun hú ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá odò, ó wá di pé ti ẹ̀bá títì ló ní lọ́kàn, ẹnu ló ṣì sọ. Jímọ̀ tẹ lẹ́tà tuntun fún un, ó mọ́ tónítóní, ó wá yọ ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ kúrò lórí okùn, ó rún un, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rí i.

"Jímọ̀."

"Sà."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé o lè dé ilé rẹ̀ kí o lọ bá a rún un sọ nù?"

Ọ̀gá ní kó mú bébà náà jáde nínú apẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ tẹ́ ẹ títí tí yóò fi nà. Lẹ́yìn náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀; nọ́ńbà tí ti àkọ́kọ́ ní ni àtúnṣe náà yóò ní. A ó fi ríbọ́nù pupa tẹ "Àtúnṣe" sí orí rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ gbangba: "Lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú èyí, níbi tí mo ti ní ẹ̀bá odò, ẹ̀bá títì ni mo fẹ́ sọ. Ìyókù wà bó ṣe wà." Ti àkọ́kọ́ yóò wà lórí okùn, a ó kàn fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà kan sí i, ìlà tín-ín-rín, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. A kì í yọ ọ́, a kì í pa á rẹ́. Jímọ̀ ní wàhálà yìí pọ̀ jù fún ẹ̀gẹ́. Ọ̀gá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́.

Mo ti ń sún mọ́ ibi tí mo ń lọ. Ẹ fara balẹ̀.

Ìyá Rísì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláró Ìtòkú. Aró ti wọ ọwọ́ rẹ̀ débi ìgbọ̀nwọ́, kò sì lè mọ́ mọ́. Bó bá ń bọ̀, Ọ̀gá á ti máa kí i lókèèrè bí wọ́n ṣe ń kí aláró, "Àrẹdú o," á sì tẹ́ pépà àtijọ́ sórí àga fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rísíkátù, ọmọ náà la sì fi ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ìyá. Nígbà tí Rísì dàgbà, ó kó àdìrẹ ìyá rẹ̀ wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, ó lọ ń tà á ní Kàdúná. Lẹ́tà wọn gun okùn wa fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ara, ta ló kí ta. Inú mi máa ń dùn sí okùn yẹn nítorí kò sí ìjà nínú rẹ̀.

Ìjà wá dé. Rísì kọ̀wé, èmi ni mo kà á fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti lóyún. Ó ní ọmọ Ìtòrì ni ọkùnrin náà, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀ pé kò sí ẹni tó tíì wá sílé wá tọrọ òun, wọn yóò wá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun nítorí oyún àkọ́kọ́ ni, òun fẹ́ wá bí i lọ́dọ̀ Màámi.

Ìyá Rísì ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sọ ọ́ níbi ìkòkò aró láti ọjọ́ yìí, mo ní irọ́ ni. Mo bá wọn jà lé e lórí." Ó wo Ọ̀gá. "Ẹ kọ ọ́ fún mi."

Ọ̀gá ní, "Ìyá Rísì, ẹ jẹ́ kí èyí sùn. Ẹ padà wá lọ́la, a ó kọ ọ́."

"Ẹ má pè mí ní Ìyá Rísì mọ́."

"Kí ni ká wá máa pè yín?"

"Sìdíkátù ni bàbá mi sọ mí. Ẹ kọ ọ́, àbí kí n wá ẹlòmíràn?"

A kọ ọ́. Mo ṣì rántí rẹ̀, ó sì wù mí kí n gbàgbé. "Rísíkátù. Lẹ́nu àwọn aláró ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ kí lẹ́tà rẹ tó dé. O ti sọ mí di ẹni tí kò lè gbójú sókè. Má gbé oyún wá sílé mi. Ibi tí o ti rí i, ibẹ̀ ni kí o bí i sí. Èmi, Sìdíkátù." Mo kà á padà fún un bí òfin. Ọ̀gá tún ní kó jẹ́ kó sùn. Ìyá Rísì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí pósítì. Àmì ìka aró rẹ̀ wà létí ẹ̀dà tó kù sílẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún náà ò pẹ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ará Ìtòrì dé, bàbá ọkọ àti àwọn àgbà ilé wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín àwọn ìkòkò aró, tòun ti aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀, wọ́n sì kọ̀ láti dìde. Bàbá ọkọ ní ọmọ òun ló yẹ kí wọ́n nà, pé ojú ló ti í tí kò fi tètè sọ fún àwọn. Ìyá Rísì sunkún, ó ní kí wọ́n dìde, pé aró máa ba aṣọ wọn jẹ́. Ìbínú rẹ̀ tán níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló gbà, mi ò ní máa sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ọ̀gá ti ní kí lẹ́tà náà sùn, ó kọ̀. Báwo ni yóò ṣe wọlé kó ní kí a bá òun yí i padà? Ó gba Láfẹ́nwá lọ, ó lọ bá akọ̀wé kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibùdó rélùwéè. Ọkùnrin náà ò mọ nǹkan kan nípa wọn, òun náà ò sì sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ó kọ ọ́ dùn: "Ọmọ mi ọ̀wọ́n, máa bọ̀ nílé. Mo ń retí rẹ. Àwọn àna wa ti wá. Gbogbo nǹkan ti tò." Kò fi ọjọ́ sí i. Kò sọ pé lẹ́tà kan ti lọ ṣáájú. Ìyá Rísì fi í rán obìnrin aláṣọ kan tó ń wọ rélùwéè lọ sí òkè, ní Kàdúná, lọ́jọ́ náà gan-an, inú rẹ̀ sì balẹ̀. Ó padà sílé, ó rẹ ọ̀já kan láró fún ọmọ tó ń bọ̀.

Lẹ́tà tí ènìyàn gbé lọ́wọ́ tó fi wọ rélùwéè á dé kánkán. Èyí tó gba pósítì, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó ń rọra lọ. Lẹ́tà ìbínú tó kọ́kọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta ló dé Kàdúná kẹ́yìn. Rísì ti ka ti Láfẹ́nwá, ó ti ń di ẹrù. Ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí tiwa wọlé bá a.

A ò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ohun tí a rí ni pé Ìyá Rísì ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Àwọn tó ń ti Láfẹ́nwá bọ̀ ń sọ pé bí rélùwéè bá ti òkè dé, ó máa ń wà níbẹ̀, ọ̀já tuntun lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn á ní, "Ìyá Rísì, ṣé Rísì ò tíì dé ni?" Á ní ó ń bọ̀.

Ọjọ́ tó wá padà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti rù. Ọ̀gá tẹ́ pépà sórí àga, Ìyá Rísì ò jókòó.

Ó ní, "Ọ̀gá Akọ̀wé, mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé kó máa bọ̀, kò wá. Oyún rẹ̀ ti tó bíbí."

"Ta ló bá yín kọ ọ́?"

Ó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ó wo ilẹ̀ sọ ọ́.

"Kí ni ọkùnrin náà kọ síbẹ̀ nípa lẹ́tà ti àkọ́kọ́?"

"Kò kọ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Ọ̀gá bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Ó ní, "Èyí tí ẹ fi bínú ló dé kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé èyí tó dùn ló dé kẹ́yìn ni, ọmọ yín ì bá ti dé."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Rísì lára. Ó wá jókòó nígbà yẹn.

Ó ní, "Ẹ bá mi kọ òmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé kó wá. Ẹ má fi ti burúkú yẹn sí i, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó sùn."

Ọ̀gá ní, "Kò sùn nígbà tí mo ní kó sùn. Kò lè sùn mọ́ báyìí." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Ìyá Rísì, ó wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Bí a bá kọ òmíràn bí ẹni pé kò sí, lẹ́tà yóò di mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo èyí, á máa wo tọ̀hún, kò ní mọ èwo nínú wọn ni ìyá òun. Ẹ jẹ́ kó rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe tò."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. Ó dìde, ó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ló mi orí pé òun gbà.

A gbé okùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo tún lẹ́tà Rísì tẹ̀, èyí tó ní ẹ̀rù ń ba òun, ìyẹn ló wà nísàlẹ̀. Mo tún ti ìbínú tẹ̀, gbogbo rẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan, Ọ̀gá fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i. Ìyá Rísì sọ ohun tó rántí nínú ti Láfẹ́nwá, mo tẹ ìyẹn náà. Lórí gbogbo rẹ̀ ni a fi tuntun sí, "Àtúnṣe" ní ríbọ́nù pupa, ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀: "Rísì ọmọ mi. Èyí tí a fa ìlà pupa sí ni mo kọ́kọ́ sọ. Inú ló bí mi. Èyí tó ní kí o máa bọ̀ ni mo sọ lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ṣáájú dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí tó ní kí o máa bọ̀ ni mo dúró lé. Mo ti ń pàdé rélùwéè." Mo fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo so ó.

Mo bi í pé, "Ta ni ká fi parí rẹ̀, Ìyá?"

Ó ní, "Fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí mo fi parí ti ìṣáájú, òun ló bà á jẹ́. Bó bá ṣì gbà mí, ó mọ ohun tó ń pè mí."

A fi rán obìnrin aláṣọ náà. A wá ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi lórí ìyẹn díẹ̀. Ẹ ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, iṣẹ́ mi kì í ṣe Ìyá Rísì nìkan. Mo bá iṣẹ́ yìí kúrò lórí táípùràítà onírin tó máa ń gé èékánná, mo bá a dé orí èyí tó ń lo iná, tí iná kì í sì í sí. Ẹ̀rọ fótókọ́pì dé, àwọn ènìyàn ní kí ni wọ́n tún ń fi kábọ́ọ̀nù ṣe. Jímọ̀ fi wá sílẹ̀, ó lọ ra bọ́ọ̀sì, ó ń ná Kútọ̀ sí Èkó, ó sì là jù mí lọ. Ọ̀gá kú, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tẹlifóònù alágbèéká dé, kálukú di akọ̀wé ara rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi wá dákẹ́ débi pé mo lè gbọ́ eruku. Mo dá okùn padà fún àwọn tó ni ín. Èyí tí n kò rí ẹni tó ni ín ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìka méjì ò ṣeé ká mọ́. Bí ẹnìkan nínú yín bá bi mí pé ṣé kí òun ṣe iṣẹ́ bíi tèmi, màá ní rárá, kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá ti jẹ mọ́ kí ọ̀rọ̀ ti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn, iṣẹ́ Ọ̀gá Ṣódípọ̀ lẹ ń ṣe, kódà bó bá jẹ́ ìmeèlì. Bí ẹ bá ṣì í sọ, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò sọ ọ́. Ẹ so àtúnṣe mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé mò ń sá fún òpin ọ̀rọ̀ náà ni.

Èsì dé. Obìnrin aláṣọ ló gbé e bọ̀, Ìyá Rísì sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láìtú u. Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, èmi ni mo tú u. Gbogbo bébà tí a dì pọ̀ lọ náà ló padà, bí mo ṣe gún un, okùn kan náà, kò sí èyí tó yọ. Rísì kàn fi ewé bébà kan lé e lórí, ó fi bírò kọ ọ́.

Mo kà á. "Màámi. Nígbà tí ìdì yìí dé, mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ìyàwó ará ilé wa kan ló gbẹ̀bí mi. Ẹrù mi wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ tí lẹ́tà kejì, èyí tí ẹ fi bínú, ti dé, mi ò lè tú u, mi ò sì lè gbé e. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹnikẹ́ni ò wá láti ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn ará ilé ọkọ mi sọ orúkọ tiwọn. Wọ́n wá bi mí pé kí ni orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi àyè yín sílẹ̀. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀."

Mo ṣí ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nísàlẹ̀ lẹ́tà tiwa, níbi tí a ti fi àyè sílẹ̀, Rísì ti fi bírò rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: Ìyá Rísì.

Mo fi hàn án. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ìka aró rẹ̀ sí i, ó ní, "Kí lèyí?" Mo sọ fún un. Ó jókòó, ó sunkún láìbojú, Ọ̀gá sì ń wo gáréèjì lóde bí ẹni tó ń ka bọ́ọ̀sì. Ìyá Rísì kò lè gba ìbí ọmọ náà padà, kò sì lè gba ọjọ́ ìsọmọlórúkọ padà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tó yá, ó nu ojú. Mo ti ki bébà bọ táípùràítà. Mo ní, "Kí ni ká kọ, Ìyá Rísì?"

Ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. "Kí ló kù?"

"Òun náà ni."

Mo kà á padà fún un bí òfin ṣe wí. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó wá fa ọ̀já náà yọ lábẹ́ ìró rẹ̀, èyí tó ti ń gbé lọ pàdé rélùwéè, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà. Ó ní, "Ǹjẹ́ ẹ lè bá mi so èyí mọ́ ọn?"

Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá Ṣódípọ̀ tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan tí kì í ṣe bébà kan okùn rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó fún mi.